Las Vegas, Brighton àbí Èkó: Àpérò Òǹtajà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Wo Ló Tọ́ Kí Ará Ìjẹ̀ṣà Náwó Lé?

Ìyá kan ní ọjà Atákúnmọ́sà, tí mò ń bá polówó aṣọ òkè lórí Facebook àti Instagram, ló bi mí ní ìbéèrè kan tó yí ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ àpérò padà. Mo jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Iléṣà, mo ń ròyìn ìlú òyìnbó fún un: bí àwọn tó mọ títa ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń péjọ lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń tú àṣírí iṣẹ́ fún ara wọn, bí èmi náà ṣe fẹ́ lọ. Kò gbójú sókè. Ó ń ká àlàárì kan tí oníbàárà ti tú jálẹ̀ tí kò sì rà. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Tó o bá lọ tó o bọ̀, aṣọ mélòó ló máa kúrò ńlẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ lọ kọ́ o."

Ó ní, "Mo gbọ́. Aṣọ mélòó?"

Òun ni mo fi ń wọn àpérò báyìí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó físà, àti owó iṣẹ́ tí mi ò ní lè ṣe lọ́jọ́ tí mi ò sí nílé, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń rò pọ̀, màá wá fi èrè orí aṣọ kan pín in. Bó bá já sí aṣọ 5, mo lè lọ. Bó bá já sí aṣọ 300, fàájì ni mò ń lọ ṣe, kí n má pè é ní iṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Lágéré, kó fi ọṣẹ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń kọ̀wé fún ojú-òpó àwọn òyìnbó láti inú yàrá rẹ̀ nítòsí géètì OAU, kó fi iye iṣẹ́ tó máa kọ wọ̀n ọ́n. Ìṣirò náà kì í purọ́.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ibi tí owó yín ti ń wá. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Ọ̀ṣun, Èkó àti Àbújá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni tí Amẹ́ríkà ń sanwó fún. Àpérò tó máa la ojú ẹnì kan, orun ló máa kun ẹnì kejì níbẹ̀.

Las Vegas pẹ̀lú Brighton

Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Ifẹ̀ máa ń dárúkọ jù, wọn a sì máa pè wọ́n pọ̀ bíi Táíwò òun Kẹ́hìndé. Wọn kì í ṣe ìbejì rárá.

Affiliate Summit ni ti Las Vegas. Shawn Collins àti Missy Ward ló dá a sílẹ̀ ní 2003. Èyí tí wọ́n ń pè ní West ló máa ń wáyé ní Las Vegas, oṣù Kìíní ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní East jẹ́ ti New York. Ọjà àwọn alárobọ̀ ni. Ẹ ṣáà mọ alárobọ̀: kò ní ọjà tirẹ̀, ọjà ọlọ́jà ló ń bá wọn wá oníbàárà sí, tó sì ń yọ owó tirẹ̀ lórí èyí tó bá tà. Ohun tí òyìnbó ń pè ní affiliate nìyẹn, àfi pé líǹkì ló ń gbé kiri dípò igbá. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn máa wọkọ̀ òfúrufú lọ síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Meet Market ni, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n to tábìlì kún, tí ọlọ́jà àti alárobọ̀ ti ń dúnàá-dúrà lójúkojú. Níbẹ̀ lẹ ti lè sọ fún ọlọ́jà pé ìdá tó ń fún yín kéré, kó fowó kún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó fowó kún un, ó máa fẹ́ mọ iye èèyàn tí ẹ ń rán sí i lóṣù, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń wá. Ẹni tí kò bá ní iye kankan láti dárúkọ máa dà bí ẹni tó wọ Atákúnmọ́sà lọ́jọ́ ọjà láìmú owó dání. Ó lè wò. Ó lè fọwọ́ kàn án. Á padà sílé.

brightonSEO ni ìkejì. Kelvin Newman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, nínú yàrá kan lókè ilé ọtí ní Brighton, ìlú etí òkun ní gúúsù England. (Pubcon, àpérò Amẹ́ríkà mìíràn tó lórúkọ, ilé ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ní London ní 2000, ẹ̀rí wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pọn bíà nílùú wa láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ ohun tó ń dá wa dúró.) Brighton ti kúrò ní yàrá òkè báyìí, ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lẹ́yìn òtútù àti nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Ohun tí òyìnbó ń pè ní SEO ni wọ́n ń bá yí jù: bí Google ṣe ń rí ojú-òpó, ìdí tó fi ń gbé ti ẹnì kan sókè tó sì ń ri ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Kò sí ọlọ́jà tó ń bi yín pé èèyàn mélòó lẹ ń rán wá. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́, ẹ kọ sílẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi orí-ire pín in fún ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà. Físà Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń lọ sí àpérò, 185 dọ́là ni owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní 2025. Bí wọ́n bá fún yín tàbí wọn ò fún yín, owó ti lọ. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n tún gé físà ọmọ Nàìjíríà kúrú sí oṣù 3, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Òfin yẹn sì ń yí padà bí ọ̀gà, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ wò ó lójú-òpó ẹ́ńbásì bóyá wọ́n tiẹ̀ ń fún ọmọ Nàìjíríà ní irú físà yẹn báyìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ti England, 127 pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà ní 2025 fún ti oṣù 6. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àmọ́ ìrìn-àjò jìnnà síra gan-an. Láti oṣù Kẹta 2024 ni Air Peace ti ń gbé èrò tààrà láti Èkó lọ sí Gatwick, láti Gatwick, reluwé tó ń lọ Brighton kò gbà ju bí ìdajì wákàtí. Ẹni tó fẹ́ dé Las Vegas máa sọ̀ kalẹ̀ níbìkan kó tó tún wọ òmíràn, á dé tán, aago ara rẹ̀ á ti ṣì í, torí wákàtí 9 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa ní oṣù Kìíní. Brighton ńkọ́? Láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án, aago wa àti tiwọn dọ́gba.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan: Brighton ni fún ẹni tó ń kọ̀wé tàbí tó ń kọ́ ojú-òpó fún ẹni tó ń sanwó láti òkèèrè. Las Vegas, ó di ìgbà tí iṣẹ́ alárobọ̀ yín bá ti ń mú owó wọlé lóṣooṣù, tí ẹ sì ní ìwé tó fi hàn. Ẹni tó bá lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ilé alájà lásán ló lọ wò.

Ìyá aláṣọ òkè mi ńkọ́? Kò sí èyí tó kàn án nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mo ti wo fídíò àpérò òyìnbó tó pọ̀ tó kí n tó mọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, Apple gbé iOS 14.5, ètò tó ń darí iPhone, jáde pẹ̀lú òfin kan: áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù kó tó lè máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kiri. Òfin yẹn da ìpolówó Facebook rú fún àwọn ọlọ́jà Amẹ́ríkà, débi pé ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo àpérò. Èmi náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí mo wá yẹ àwọn oníbàárà ìyá wò, Tecno, Infinix, Itel; iPhone tó wà nínú wọn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ímeèlì. Òyìnbó á fi wákàtí kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ ímeèlì tí èèyàn á ṣí. Ta ni ń ra aṣọ òkè ìgbéyàwó nípasẹ̀ ímeèlì ní Iléṣà? WhatsApp ni. Wọ́n á ní kí ẹ fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n á bèèrè "last price", wọ́n á dákẹ́ fún ọjọ́ 4, wọ́n á tún padà wá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé pé àwọn ń fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò tíì rí olùbánisọ̀rọ̀ kankan ní òkèèrè tó kọ́ni bí a ṣe ń tajà fún ẹni yẹn.

Èkó

Ní Èkó, wọ́n mọ ẹni yẹn dáadáa.

Social Media Week ni èyí tó gbajúmọ̀ jù. New York ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ó dé Èkó ní 2013, oṣù Kejì ọdún ló sì sábà máa ń jẹ́; kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n máa ṣe é lọ́dún tí ẹ fẹ́ lọ. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ lásán ló ń gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń gbé bùkátà rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbòòrò jù: olórin wà níbẹ̀, olóṣèlú wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta fóònù wà níbẹ̀, ẹ lè rìn láti yàrá dé yàrá ní odidi ọjọ́ kan kí ẹ má sì rí ohun tó kan ọjà yín gbọ̀ngbọ̀n. Kí ẹ tẹ ètò rẹ̀ jáde, kí ẹ fi bírò yí èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ ká, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń sọ pé Èkó ṣáájú ni òfin. ARCON tí ń mójú tó ìpolówó gba òfin tuntun ní 2022, òfin tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ó sì ka ti orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò dátà, èyí tó kan gbogbo wa tí à ń to nọ́ńbà WhatsApp oníbàárà jọ sínú ìwé. Kò sí ẹni tó máa jókòó ní Las Vegas tí á ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ní Èkó, ẹ máa bá lọ́yà kan tàbí méjì tó ń sọ ọ́.

Ọ̀nà Èkó ńkọ́? Láti Iléṣà, ó lé ní 200 kìlómítà, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn sì mọ bó ṣe ń fi ọkọ̀ ṣeré. Mo ti gbìyànjú kí n wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn, kí n gba Mòníyà lọ wọ reluwé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tó ń já wa sí Ebute Metta. Ẹ̀yìn kì í ro yín tó ti ọkọ̀, àmọ́ Mòníyà kò sí lójú ọ̀nà ẹni tó ń ti Ìjẹ̀ṣà bọ̀, kí ẹ sì tó dé Erékùṣù láti Ebute Metta, ìrìn-àjò mìíràn nìyẹn. Bí àpérò bá bẹ̀rẹ̀ láago 9 àárọ̀, ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní Èkó ni kí ẹ ti sùn.

Ẹ tún ṣọ́ra o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní àpérò ní Èkó ló jẹ́ àpérò. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo sanwó fún ọ̀kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n fi káàdì kọ́ wa lọ́rùn, wọ́n fún wa ní ìwé àti bírò, AC ń fẹ́. Olùbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ ìtàn bí òun ṣe tòṣì. Ìkejì sọ ìtàn bí òun ṣe tòṣì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di aago 11 kọjá, ìkẹta ní kí àwọn tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí òun gbà dìde dúró, pé ẹ̀kọ́ òun ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ìdajì owó fún ẹni 20 tó bá kọ́kọ́ san án kí a tó lọ jẹun. Àwọn ọmọ kan ti ń gbé POS káàkiri láàrin àga. Ọkùnrin tó jókòó tì mí, tó ti Ọ̀wọ̀ wá, ti yọ káàdì báńkì rẹ̀, mo fọwọ́ tọ́ ọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì tá a sanwó ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó dá káàdì padà sápò. Ìrẹsì náà kò kúkú dùn.

Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń bèèrè ni ẹni tó ń sanwó gbọ̀ngàn. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ló ń gbé e, tí orúkọ wọn hàn, ó dáa, a mọ ẹni tó ń polówó ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ló gbé e, kí tíkẹ́ẹ̀tì náà jọ owó gbọ̀ngàn. Àmọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá pọ́ọ́kú, tí kò sí onígbọ̀wọ́, tí gbọ̀ngàn sì dára, ẹ̀yin gan-an ni ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Mo tún máa ń wò ó bóyá wọ́n kọ ètò wákàtí sí wákàtí síta, àti bóyá àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, tàbí wọ́n ti fi kíkọ́ni ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn.

Ti ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú ti àwọn aláìgbowó

INBOUND jẹ́ ti HubSpot, ilé-iṣẹ́ tó ń ta sọ́fúwíà fún àwọn òǹtajà. Boston ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọdún púpọ̀, wọ́n gbé e lọ San Francisco ní 2025. Ó tóbi, ó dán, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lo sọ́fúwíà wọn, kò rí mi sọ fún pé kó lọ.

Èyí tó yàtọ̀ sí i pátápátá ni WordCamp, ti àwọn tó ń lo WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ojú-òpó. San Francisco ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2018. Ẹni tó ń ṣètò kò gbowó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbowó, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í wọ́n. Kì í ṣe àpérò ìpolówó ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ kóòdù lè pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ju ojú-òpó 4 lọ nínú 10 láyé ló wà lórí WordPress, ẹni tó bá sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa rí ẹni tó máa bá a tún un ṣe níbẹ̀ lówó tó mọ níwọ̀n. Fídíò ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WordPress.tv. Bí mo bá fi INBOUND àti WordCamp síwájú akẹ́kọ̀ọ́ OAU kan tí kò ju owó oúnjẹ lọ lápò, mi ò ní jẹ́ kó ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àti Ifẹ̀ náà, kí ẹ má fojú di í. Inú OAU ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ Jobberman ní 2009, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa. Àwọn ìpàdé kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ òfúrufú nínú rẹ̀, bí 30 kìlómítà ni láti Iléṣà, ẹ sì lè gbé ìbéèrè yín síwájú ẹni tó máa jókòó tì yín lórí kọ̀ǹpútà títí á fi yanjú. Èmi rí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka iye àwọn tó ń ti inú ìpolówó bọ́ sórí WhatsApp ní irú ibẹ̀. Omi inú ọ̀rá kan àti gàlà ni oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Ẹ lè jókòó sílé wò ó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpérò yìí ló ní ti orí fóònù. Aago ni kí ẹ fi yàn. Aago 9 àárọ̀ Las Vegas ní oṣù Kìíní, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni níbí, tó túmọ̀ sí pé tí wọ́n bá fi máa parí, òru ti jìn, NEPA lè ti mú iná lọ, ẹ ó wá máa fi jẹnẹrétọ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìgbà tí INBOUND wà ní Boston, aago 9 àárọ̀ wọn ní oṣù Kẹsàn-án, aago 2 ọ̀sán wa ni, ó bójú mu. Brighton, aago kan náà. Àmọ́ dátà ń lọ, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ wò. Láti oṣù Karùn-ún 2024 tí Google ti gbé ìdáhùn AI sókè ojú ìwé wọn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ni ṣáájú ìgbà yẹn nípa bí èèyàn ṣe ń dé òkè ti gbó.

Kí ẹ wo kàlẹ́ńdà ọjà tiyín náà. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nílùú òyìnbó nígbà Ọlọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni Brighton ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń súnmọ́. Ìyá aláṣọ òkè kò lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejìlá, ìgbéyàwó ló ń gbọ́. Oṣù Kejì tí Èkó ń ṣe tirẹ̀ dára fún un. Ọjà ti rọ̀, owó ọdún ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí mo máa ń bọ̀ pẹ̀lú ju ìwé àti bírò lọ ni gbèsè. Ní àpérò, gbogbo èèyàn ló ń ṣèlérí: "Màá fi ránṣẹ́ sí ẹ," "Màá so ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan." Èmi máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwìn, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Baba wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ra aṣọ láwìn títí owó fi jáde. Èmi náà ń lóṣòó sórí WhatsApp wọn. Ní ọjọ́ kẹta mo ti kí wọn, ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún ti kí wọn. Ọkùnrin tó ti Ọ̀wọ̀ wá ọjọ́ ìrẹsì yẹn ló pàpà rán oníbàárà àkọ́kọ́ sí mi láti ìta Ìjẹ̀ṣà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo padà sí Atákúnmọ́sà. Mo ti ṣe ìṣirò Èkó tọdún tó ń bọ̀: ọkọ̀, oúnjẹ, ọjọ́ méjì láìṣiṣẹ́, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣómólú ni màá sùn sí. Mo ní, "Ìyá, aṣọ 6 ni."

Ó gbé gèlè rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "6 yẹn dáa. Ṣùgbọ́n má lọ lọ́jọ́ ọjà o."